Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ojú Irin Ìlaròó àti Erékùṣù tí A Gbàgbé

Irú àròkọ kan wà tí àwọn ọmọ Yorùbá fẹ́ràn láti máa kà. Arìnrìn-àjò kan kọ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kapiri Mposhi ní ilẹ̀ Zambia, ó gba orí ojú irin Tazara tí ó gùn tó 1,860 kìlómítà dé Dar es Salaam ní ilẹ̀ Tanzania, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Zanzibar. Òǹkàwé á máa mi kanlẹ̀, á ní ayé yìí mà dùn ún rìn o. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ohun tí ó burú ni pé ọmọ Ìlaròó wà nínú àwọn tí ń kà á, ọmọ Ìdógò wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ wà nílé. Láti ìlú wọn ni ènìyàn ti lè wọ ọkọ̀ ojú irin nígbà kan, kí ó sọ̀kalẹ̀ létí ọ̀sà, kí ó sì ré omi kọjá sí erékùṣù tí òkun àti ọ̀sà yí ká. Orúkọ erékùṣù náà ni Èkó.

Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín níbí ti jẹ́rìí sí ẹjọ́ tí a fẹ́ rò. Kí ni ó fà á tí Zanzibar fi jẹ́ erékùṣù lójú ọmọ Yorùbá, tí Èkó kì í ṣe é? Ní ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, Èkó kò ju ibi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí lọ, níbi tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ ti ń jẹ ènìyàn níyà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pe apá kan rẹ̀ ní erékùṣù, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń pè é, ibi tí àwọn olówó ń gbé tí àwọn ọ́fíìsì ńlá wà ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Omi ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n èdè kò gbàgbé. Èbúté Mẹ́ta ń jẹ́ Èbúté Mẹ́ta nítorí pé ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ ni. Èbúté Èrò ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni èrò ti ń sọ̀kalẹ̀. Èbúté Ẹlẹ́fun náà wà níbẹ̀. Ìdó gan-an, tí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ wà, erékùṣù ni kí wọ́n tó fi iyẹ̀pẹ̀ dí omi tí ó yà á kúrò lára ilẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ ìtàn tí ó jinlẹ̀ ju orúkọ lọ, kí a bi àwọn Àwórì, aládùúgbò àwọn ará Yewa. Wọ́n á sọ bí Ògúnfúnminírè, tí a mọ̀ sí Olófin, ṣe tẹ̀lé àwo tí ó léfòó lójú omi, tí àwo náà fi rì, tí wọ́n fi ń sọ pé àwo ti rì. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn náà mú dé etí Èkó, ilẹ̀ àti omi ni ó gbà dé ibẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò ni àlejò nínú ìtàn yìí, òun ni ó sì wá di onílé.

Ojú irin pàápàá kò bá omi jà nígbà tí ó dé. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó; nígbà tí ó fi máa di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Ọdún 1901 yìí kan náà ni wọ́n ṣí Afárá Carter tí ó so Ìdó mọ́ erékùṣù Èkó. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ń lo ooru omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá náà láti Ìdó wọ inú Èkó, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di 1933. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọdún 2023 ni ojú irin kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan erékùṣù Èkó, kí ẹ dá a dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2023 jẹ́ àtúnbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọdún.

Ìlaròó wọ inú ìtàn yìí ní 1930, nígbà tí wọ́n ya ẹ̀ka ojú irin kan láti Ifọ̀, tí ó gba Ìlaròó lọ parí sí Ìdógò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìfẹ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ àwọn ará Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, tí wọ́n fi là á. Kòkó ni wọ́n ń wá, obì ni wọ́n ń wá, èkùrọ́ ni wọ́n ń wá. Ojú irin náà dà bí ìfami tí a fi sínú àgbọn: ohun tí ó wà nínú ni ó kan ẹni tí ń fà á. Ẹ wo ibi tí ó parí sí. Kò dé Ayétòrò. Kò dé Ìmẹ̀kọ. Ibi tí ẹrù ti pọ̀ tó láti san owó irin ni ó dúró sí.

Síbẹ̀, ọ̀nà kì í mọ inú ẹni tí ó là á. Ojú irin tí wọ́n là fún àpò kòkó gbé ènìyàn pẹ̀lú. Ìlú tí ó wà ní ìgbèríko lẹ́bàá ẹnubodè wá di ìlú tí ó ní aago tí ọkọ̀ ń dé àti aago tí ọkọ̀ ń lọ. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní Ìdó mọ̀ pé omi ni ó wà níwájú òun, ó sì mọ̀ pé òun fẹ́ ré e kọjá. Ìmọ̀ yìí ni ó ti sọnù, a kò sì lè di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru ìjọba. Àwọn òǹkọ̀wé ní tiwọn nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá gbilẹ̀ ní Èkó: Èkó Àkéte ti Adéoyè Dẹ́nígà, Ẹlẹ́tí Ọfẹ ti E. A. Akíntàn, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Nínú àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà, ìrìnàjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú Òyìnbó nìkan. Àwọn olóòtú a máa kúrò ní Èkó, wọn a máa lọ sí àwọn ìlú tí ó wà nínú ilẹ̀ Yorùbá àti ré kọjá rẹ̀, wọn a sì máa kọ ohun tí wọ́n rí: ta ni ó gbà wọ́n lálejò, báwo ni ọjà ibẹ̀ ṣe rí, irú ọ̀nà wo ni ó dé ibẹ̀. Ìlú kékeré tí ojú irin gbà kọjá lè rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé ibi tí òun ń gbé jẹ́ ibi tí ènìyàn lè rìnrìn-àjò lọ.

Ní 1949, D. O. Fágúnwà gbé apá kìíní ìwé Ìrìnàjò rẹ̀ jáde, níbi tí ó ti ròyìn bí òun ṣe lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fágúnwà kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ó rìn, ó sì kọ ohun tí ó rí. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣi ọ̀nà gbọ́. Wọ́n gbà pé láti ìgbà náà lọ, ìrìnàjò tí ó tọ́ sí ìwé ni èyí tí ó gba pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù rìnrìn-àjò. Ẹni tí ó ti Ìdógò lọ sí Ìdúmọ̀tà kàn lọ ta ọjà ni. Ẹ wo àwọn ìwé ìtàn àròsọ àti fíìmù tí ó ń gbé ọmọ oko lọ sí Èkó. Mọ́tò ni yóò wọ̀. Yóò sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì, àwọn agbèrò á máa pariwo, wọ́n á jí àpò rẹ̀, a ó sì ti mọ bí ìtàn yóò ṣe lọ. Mélòó ni ó sọ̀kalẹ̀ ní Ìdó? Mélòó ni ó wo ọ̀sà kí ó tó wo ilé alájà? Nígbà tí lítíréṣọ̀ bá ti gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ Èkó, ta ni yóò ké nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kí àwọn ọ̀nà yòókù kú?

Wọ́n sì kú lóòótọ́. Kò sí ọkọ̀ èrò tí ń ná Ifọ̀ sí Ìdógò mọ́. Ẹni tí ó kórè ẹ̀gẹ́ àti ata ní agbègbè Yewa, orí títì ni yóò gbé e gbà. Bí títì bá bàjẹ́, ọjà bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí pé ilẹ̀ ẹnubodè ni, àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò ni ó wà lójú ọ̀nà. Ní Oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tí kò jìnnà ju 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Nígbà tí wọ́n ṣí àwọn ẹnubodè kan ní Oṣù Kejìlá 2020, Ìdìròkó kò sí lára wọn; ó di Oṣù Kẹrin 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìjọba ní ìdí tirẹ̀, pé àwọn onífàyàwọ́ ni wọ́n ń lé. Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: agbègbè tí kò ní ju mọ́tò lọ, tí a wá gba epo mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ wo ni a fi sílẹ̀ fún un? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi òwe yìí ṣe fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò fi ṣe ẹwà ọ̀rọ̀.

Ẹnubodè yìí kan náà ni ó sọ ìtàn tí ó dunni jù nínú ọ̀rọ̀ ojú irin. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹjọ 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ náà, tí ẹ̀gbọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn kan, tí àbúrò wà lọ́dọ̀ àwọn kejì. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Faransé ti la ojú irin tiwọn láti Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, gba Sakété lọ sí Pobè, láàárín àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá. Nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì dé Ìdógò ní 1930, ojú irin méjèèjì ń wo ara wọn láti òdì kejì ẹnubodè, wọn kò sì pàdé rí. Bí wọ́n tilẹ̀ pàdé, wọn kò ní lè gbọ́ ara wọn: ìbú ojú irin ti Faransé jẹ́ 1,000 mìlímítà, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1,067. Mìlímítà 67, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ, tó láti jẹ́ kí ọkọ̀ tí ó ti Àjàṣẹ́ bọ̀ má lè wọ Ìlaròó láéláé. Omi nìkan ni kò gba ìpín yẹn. Odò Yewa ṣì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Àgbádárìgì, ọ̀sà náà sì nà láti Àjàṣẹ́ dé Èkó láìbéèrè ìwé ìrìnnà.

Àwọn kan á sọ pé nǹkan ti ń yí padà. Ó ń yí padà lóòótọ́, ó sì yẹ kí a fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ìyìn rẹ̀. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gùn tó 157 kìlómítà, ni wọ́n ṣí ní Oṣù Kẹfà 2021. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 ré ọ̀sà kọjá sí Marina. Iṣẹ́ tí Gómìnà Lateef Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun sì fagi lé ní 1985, ni ó ti ṣílẹ̀kùn fún èyí. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe bàbá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ojú irin tuntun gbà. Ó ní ibùdókọ̀ ní Pápálantó, tí wọ́n fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì sọ, ibi tí ọ̀nà ti yà sí Ìlaròó. Ibẹ̀ ni ó ti kí àwọn ará Yewa, ó sì kọjá lọ. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 1,435 mìlímítà, nítorí náà ẹ̀ka àtijọ́ tí ó lọ sí Ìdógò kò bá a mu. Ohun tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí ẹnubodè ni àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tún ṣe sí ara wọn, láìsí Òyìnbó kankan nítòsí tí a lè nàka sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irin àti omi dé erékùṣù láti Ìlaròó lónìí lè gbìyànjú rẹ̀: kí ó wọ mọ́tò dé Pápálantó, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin dé Alágọ̀mejì, kí ó tún wá mọ́tò mìíràn dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi wà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru àpò gààrí méjì kò ní ṣe é, òun gan-an sì ni ó yẹ kí a la ọ̀nà fún.

Àwọn tí kò fara mọ́ èyí ní àwíjàre tiwọn, kò sì yẹ kí a sá fún un. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin kì í yára. Ìyára wo ni ti mọ́tò tí ó dúró sójú kan láti àárọ̀ di ọ̀sán? Wọ́n ní omi léwu, pé ọkọ̀ ń dojú dé. Òótọ́ ni, ẹ̀mí sì ti ṣòfò. Ṣùgbọ́n a kò pa títì tì nítorí jàǹbá ọkọ̀. A ń bèèrè pé kí wọ́n tún un ṣe ni. Kí wọ́n bèèrè bákan náà fún omi: ẹ̀wù ìléfòó fún èrò kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ má ru ju agbára rẹ̀ lọ, kí ó má rìn lóru. Wọ́n ní ẹ̀ka Ìdógò kò lè pa owó. Títì wo ni ó pa owó tí a fi là á? Nígbà tí títì bá jẹ owó, wọ́n á pè é ní ìdàgbàsókè. Nígbà tí irin bá jẹ owó, wọ́n á pè é ní àdánù.

Àwíjàre kan wà tí ó wúwo ju ìwọ̀nyí lọ. Wọ́n ní ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ojú irin 1930 ń ṣọ̀fọ̀ àwọn amúnisìn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò dúró. Àwọn amúnisìn ni wọ́n là á fún kòkó. Ẹni tí ó bá ní kí a tún un là fún ènìyàn ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ni, kò foríbalẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó ń tẹ̀lé wọn ni ẹni tí ó gbà pé ìgbà tí ẹrù wọn tán ni ọ̀nà náà kò wúlò mọ́. Àgbàrá kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹni tí ó nílé ní Ìlaròó, ní Ìdógò, ní Ayétòrò, ni kò gbọ́dọ̀ gbà.

Kí ni a wá ń bèèrè? Lọ́wọ́ ìjọba: kí ojú irin tí ó dé Pápálantó yà sí Ìlaròó àti Ìdógò, kí ó sì nà dé Ayétòrò tí kò rí ti àkọ́kọ́, kí ibi tí irin bá ti pàdé ọ̀sà ní èbúté gidi, kí ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá mọ́tò. Lọ́wọ́ òǹkọ̀wé: kí wọ́n padà sí ohun tí àwọn olóòtú ọdún 1920 mọ̀, pé ìlú tí a kò rìn dé nínú ìwé ni ó rọrùn jù láti gbàgbé nínú ètò. Kí ẹnìkan kọ ìrìnàjò láti Ìdógò sí Marina bí wọ́n ṣe ń kọ ti Zanzibar, kí ó fi ojú kan náà wò ó: ìdúró níbùdókọ̀, afẹ́fẹ́ tí ó yí padà bí ọ̀sà ṣe ń súnmọ́, ìgbà tí ilé àkọ́kọ́ yọ ní òdì kejì omi. Kò ní láti purọ́ mọ́ ọn. Kí ó kọ ibi tí irin ti já, kí ó kọ iye tí ó san fún mọ́tò láàárín.

Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ọmọ Yewa tí ń wo fọ́tò erékùṣù ilẹ̀ mìíràn, tí ó ń wí pé ó wu òun kí òun lọ, ìlú rẹ̀ ti ní ojú irin lọ sí erékùṣù rí. Wọn kò gbé erékùṣù náà kúrò níbi tí ó wà. Ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí ó dí.